Yuletide: Ọ̀rọ̀ Tó Ti Wà Kí Kérésìmesì Tó Dé

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kan á gba ojú ìwé ìròyìn kan: Yuletide. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó á fi kìlọ̀ fún awakọ̀, báńkì á tẹ̀ ẹ́ sára káàdì, àwọn olóṣèlú á fi kí ará ìlú. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè rò pé inú Bíbélì ló ti wá. Kò sí níbẹ̀ rárá.

Yule ti wà ní ìhà àríwá Yúróòpù kí ẹ̀sìn Kristi tó débẹ̀. Bede, àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 725 pé Giuli ni àwọn baba ńlá wọn ń pe oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní. Jól ni tàwọn ará Norway. Àsè ìgbà òtútù ni. Wọ́n ń pa ẹran, wọ́n sì ń fi ọtí júbà àwọn òrìṣà wọn. Odin tó jẹ́ olórí òrìṣà gan-an ń jẹ́ Jólnir.

Ọba Haakon ti Norway, tí wọ́n tọ́ dàgbà láàfin ọba Athelstan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló da Jól àti Kérésìmesì pọ̀ ní ọ̀rúndún kẹwàá. Gẹ́gẹ́ bí Snorri Sturluson, òpìtàn ará Iceland, ṣe kọ ìtàn rẹ̀, ó pàṣẹ kí Jól bọ́ sí àsìkò ọdún Kristi, kí olúkúlùkù pọn ọtí ọkà dè é. Ẹni tí kò bá pọn ún á san owó ìtanràn, ìsinmi ọdún ò sì ní parí títí ọtí á fi tán. Irú òfin yẹn kì í nira láti pa mọ́!

Títí dòní, Jul ni wọ́n ń pe Kérésìmesì ní Norway, Sweden àti Denmark. Joulu ni ní Finland. Ní Scotland, Yule ló wà nínú òfin tí ilé ìgbìmọ̀ fi fagi lé ìsinmi ọdún náà ní 1640. Ó di 1958 kí Kérésìmesì tó di ọjọ́ ìsinmi gbogbogbò níbẹ̀.

Ti “tide” tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ti omi òkun. Àsìkò ni ìtumọ̀ rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ láti pe ọjọ́ 25 nìkan ní Yuletide. Gbogbo àsìkò ọdún ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ fẹ́ kọ, ẹ lò ó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ Yorùbá, ẹ má wulẹ̀ yá a lò: “Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún” ti tó láti fi kí ènìyàn láti Kérésìmesì títí wọ ọdún tuntun.