Ní ti Alùpùpù Asáré Àtijọ́: Kí Ó Lè Dúró Kí Ó Tó Lè Sáré

Bí ènìyàn bá wọ inú àwọn ilé àtijọ́ ní ìlú Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó, kì í ṣe ohun tí ó ṣọ̀wọ́n kí ó bá alùpùpù kan ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tàbí ní ẹ̀yìnkùlé, tí a fi tapólì bò, tí táyà rẹ̀ ti rọ̀ mọ́lẹ̀, tí adìẹ sì ti ń yé ẹyin sí abẹ́ rẹ̀. Bí a bá béèrè, a óò gbọ́ pé ti Bàbá ni, tàbí ti ẹ̀gbọ́n Bàbá, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ tàbí akọ̀wé ìjọba nígbà ayé rẹ̀. Àríyànjiyàn kan náà ni ó sì máa ń wà láàrin àwọn ọmọ. Ọ̀kan ní kí a tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù; èkejì ní kí a tún un ṣe kí òun máa gùn ún; ìyá wọn sì ń bẹ̀rù pé ohun tí kò pa baba lè pa ọmọ. Lórí ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí owó wà nínú rẹ̀, ẹ̀mí sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

BÍ Ó TI DÉ INÚ ILÉ WA

Ní ọdún 1974 ni ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ gba ìjọba ní ìmọ̀ràn lórí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí a san owó náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, pẹ̀lú ti àwọn oṣù tí ó ti kọjá, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó fi tirẹ̀ ra rédíò, àga àti alùpùpù. Ní ọjọ́ 3 oṣù Fẹ́búárì ọdún 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀. Ní àkókò náà, ẹni tí ó ní alùpùpù, ẹni iyì ni láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni alùpùpù di ohun tí a fi ń gbé èrò, tí àwọn ènìyàn sì fi orúkọ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, pè é ní ọ̀kadà. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé pé alùpùpù kì í ṣe irú kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a fi méjì wé ara wọn. Honda CB175, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ìparí àwọn ọdún 1960, alùpùpù asáré ni. Ó ní sílíńdà méjì, kábúrétọ̀ méjì àti gíà márùn-ún, agbára rẹ̀ sì tó bí agbára ẹṣin 20. Honda CG125, tí ó jáde ní ọdún 1976, sílíńdà kan ni ó ní, kò sì lè bá èkínní sáré. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe é ti kíyè sí i pé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ẹrù wúwo ni a ń fi alùpùpù rù, a kì í sì í yí ọ́ìlì rẹ̀ padà ní àkókò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí ó lè fara da àìtọ́jú. Ìyàtọ̀ yìí ni kí ẹni tí ó jogún alùpùpù asáré fi sí ọkàn. Akẹ́rù a máa dárí ji aláìbìkítà. Asáré kì í dárí jì í.

BÍ A TI Ń JÍ I DÌDE

Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin kọ́kọ́ ń ṣe ni kí ó rọ epo tuntun sí i, kí ó sì máa fi ẹsẹ̀ gbá a títí yóò fi dáhùn. Èyí kò dára. Epo tí ó ti pẹ́ a máa dì bí oje igi nínú kábúrétọ̀, ìpẹtà inú táǹkì a sì ṣàn bá a lọ. Bákan náà, bí pítísìnì bá ti lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà, ẹni tí ó bá fi agbára gbá a yóò fọ́ ohun tí ìbá rí tún ṣe. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ó yọ púlọ́ọ̀gì, kí ó kán ọ́ìlì díẹ̀ sí inú sílíńdà, kí ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ó tó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì náà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí ó da epo àti ọ́ìlì àtijọ́ nù, kí ó tú kábúrétọ̀, kí ó fọ̀ ọ́. Kí ó sì yẹ gbogbo wáyà wò láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí eku fẹ́ràn láti máa jẹ ẹ́.

Ní ti táyà, ẹ má ṣe fi ojú dídán rẹ̀ ṣe ìdájọ́. Lára táyà tí a ṣe láti ọdún 2000 wá, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún tí a ṣe é. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni. Táyà tí Bàbá fi sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ ní gbogbo eyín rẹ̀, ó ti gan. Kí a yọ ọ́ sọnù.

Kí a tó ra ohun kan ṣoṣo, kí a pe mẹkáníìkì tí ó mọ irú rẹ̀, kí a kọ gbogbo ohun tí ó kù sínú ìwé, kí a sì kọ iye rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ohun èlò CG kò ṣòro láti rí ní ọjà. Ti CB175 lè jẹ́ èyí tí a óò ránṣẹ́ sí òkèèrè fún, tàbí kí a máa wá a kiri lára àwọn tí ó ti kú. Bí ìṣirò náà bá ju agbára ilé lọ, kí a fọ̀ ọ́ mọ́, kí a fi ọ́ìlì pa á lára, kí a fi í pamọ́. Kò sí ìtìjú nínú èyí. Ìtìjú wà nínú kí a fi owó ilé-ìwé ọmọ ra sàlẹ́nsà. Àwọn àgbà ni ó wí pé agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta.

ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Nígbà tí ó bá ti jí, iṣẹ́ kékeré tí a ń ṣe nígbà gbogbo ni yóò mú un pẹ́. Kí a máa wo ọ́ìlì rẹ̀ lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, kí a sì yí i padà kí ó tó rin kìlómítà 2,000. Kí a máa fọ ṣéènì, kí a fi ọ́ìlì sí i, kí a má sì ṣe fà á le jù. Bí a bá fi ìka gbé e ní àárín, ó yẹ kí ó gòkè sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjì. Ní ìgbà ọyẹ́, kí a máa gbọn eruku kúrò nínú ohun tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, nítorí eruku pupa ọ̀nà wa a máa họ inú sílíńdà bí iyanrìn ti ń họ ìkòkò. Ní ìgbà òjò, ẹ rántí pé bíréèkì irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ wà nínú àgbá. Bí a bá ti la omi kọjá, kí a rọra máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbẹ, nítorí bíréèkì tí omi wọ̀ kì í mú.

ÀTÚNṢE ÀTI ỌṢỌ́

Kò sí ẹni tí ó ní alùpùpù asáré tí kì í fẹ́ fi àmì ara rẹ̀ sí i lára. Èyí kò burú. Ọ̀dà tuntun, àga tí a tún rán, irin tí a fọ̀ títí ó fi ń dán, gbogbo wọn ni ó yẹ ohun àtijọ́. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kan wà tí í máa ba alùpùpù jẹ́. Ẹni tí ó yọ sàlẹ́nsà kúrò tí ó fi páípù gbangba sí i nítorí ariwo kò mọ̀ pé, bí a kò bá tún kábúrétọ̀ ṣe pẹ̀lú rẹ̀, afẹ́fẹ́ lè pọ̀ ju epo lọ nínú iná tí ń jó; ẹ́ńjìnnì yóò gbóná rékọjá, pítísìnì sì lè lu. Ẹni tí ó fi kẹ̀kẹ́ eléyín tí eyín rẹ̀ fi ọ̀kan dín sí iwájú ṣéènì yóò rí agbára láti gun òkè ní ìhà Ìdànrè, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ ní ọ̀nà títẹ́jú yóò dínkù, epo tí ó ń jó yóò sì pọ̀ sí i. Kò sí èrè tí kò ní iye tí a san fún un.

Nítorí náà ni a fi ń sọ pé kí owó àkọ́kọ́ lọ sí ara ohun tí ń mú un dúró: bíréèkì tuntun, wáyà bíréèkì tuntun, táyà tuntun. Lẹ́yìn náà ni iná iwájú, iná ẹ̀yìn àti dígí ìwòyìn. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ọ̀dà. Kí a sì to gbogbo ohun tí a bá yọ kúrò sínú àpótí, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á lọ́la lè fẹ́ ẹ bí a ti ṣe é láti ilẹ̀ rẹ̀ wá.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí eré alùpùpù bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bíréèkì yóò fi dá a dúró kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ẹni tí ń sá kìlómítà 40 ní wákàtí kan, tí bíréèkì rẹ̀ mú un dúró ní mítà 10, yóò fẹ́ mítà 40 bí ó bá ń sá 80. Lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń bọ̀ láti Òwènà, tí ewúrẹ́ sì lè yọ láti inú igbó láìròtẹ́lẹ̀, mítà 30 tí ó lé yìí ni ó wà láàrin kí ọmọ dé ilé àti kí a gbé e dé ilé.

ÀṢÍBORÍ ÀTI ÌWÉ

Ní oṣù Jánúárì ọdún 1999 àti mẹ́wàá, èyí ni 2009, nígbà tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin àṣíborí ṣẹ, àwọn ọlọ́kadà kan ní ilẹ̀ Nàìjíríà dé igbá àti ike ọ̀dà sí orí láti tan òfin jẹ. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n igbá kò lè gba orí sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí ó ṣe àyẹ̀wò ọ̀pọ̀ jàǹbá alùpùpù ní oríṣiríṣi ilẹ̀ rí i pé àṣíborí dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì dín ewu ìpalára orí kù ní nǹkan bí ìdá 69. Kí a ra méjì, nítorí ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn ní orí pẹ̀lú. Kí a sì so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Èyí tí a kàn gbé lé orí yóò fò lọ kí orí tó kan ilẹ̀.

Kí a má gbàgbé ìwé rẹ̀. Alùpùpù tí ìwé rẹ̀ ṣì wà ní orúkọ olóògbé yóò kó ẹni tí ń gùn ún sí wàhálà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Kí ẹbí jókòó, kí wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí ó ni ín, kí wọ́n sì lọ yí orúkọ padà ní ọ́fíìsì ìjọba kí ó tó jáde sí títì. Kí ẹni tí ń rin ìrìn àjò sì béèrè òfin ìlú tí ó ń lọ. Ní Èkó, láti ọjọ́ 1 oṣù Júùnù ọdún 2022 ni ìjọba ti fi òfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀rù yín kì í ṣe ẹ̀rù òpè. Bí ọmọ yín bá wí pé òun ti tún alùpùpù Bàbá ṣe, ẹ má ṣe bi í bí ó ti ń sáré tó. Ẹ ní kí ó gùn ún ní pápá gbangba ní ojú yín, kí ó sì dá a dúró. Bí ó bá dúró ṣinṣin, láìyọ̀, láìyà sí ẹ̀gbẹ́, nígbà náà ni kí ẹ tó bi í léèrè ọ̀dà tí ó fẹ́ fi kùn ún.