Kí ẹ tó kó ọmọ lọ sí Gàbọ́ọ̀nù

Bí ẹnìkan bá ní òun ti bá yín ríṣẹ́ ní Gàbọ́ọ̀nù, kí ẹ kó ìyàwó àtọmọ wá, ẹ bi í pé: físà ńkọ́? Àbíjàn yàtọ̀, CEDEAO ni wọ́n, ẹ lè lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà. Gàbọ́ọ̀nù ò sí nínú CEDEAO. Sẹ́fà tiwọn pàápàá, ẹ ò lè ná an lọ́jà Kétu.

Bó bá ní ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé yín ní kọ̀rọ̀, háà! Ní 2001, ọkọ̀ Etireno kó àwọn ọmọdé kúrò ní Kùtọnu. Líbreville ò gbà á, ó padà wálé.

Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú físà àti ìwé àdéhùn tó dárúkọ ọ̀gá àti owó oṣù. Bó bá ríbi gbé, kó wá ránṣẹ́ sílé. Ìwé ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ti lè máa wá a báyìí.