Ṣé O Mọ̀? Ọmọ Tó Ń Lo Oògùn Lójoojúmọ́ Náà Lè Lọ Sàgọ́

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà Queen Elizabeth ló so Mọ́kọ́lá pọ̀ mọ́ UCH ní Ìbàdàn? Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá náà, àtìgbà náà sì ni àwọn ìyá ti ń gba ọ̀nà yìí gbé ọmọ lọ sí kílíníìkì. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kì í ṣe aláìsàn ọ̀sẹ̀ kan: fòníkú-fọ̀ladìde ni, tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí ikọ́ fée, tàbí wárápá. Àìsàn tí wọ́n á máa bá gbé ni.

Ṣé o mọ̀ pé nǹkan bí 150,000 ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde là ń bí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún? Àwọn tí jẹ́nótaìpù wọn jẹ́ SS ló pọ̀ jù nínú wọn. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí wọ́n ti ń bí tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ló sì jẹ́ AS.

Ṣé o mọ ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ tí ìsinmi bá dé? “Má sáré. Má wọ omi. Má bá wọn lọ.” Mi ò dá ìyá kankan lẹ́bi. Òtútù, òùngbẹ, àárẹ̀ àti ibà lè fa kíráísìsì, ẹni tó bá sì ti gbọ́ igbe ọmọ tí egungun ń ro lóru kò ní gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí gbogbo ìsinmi rẹ̀ kò ju fèrèsé lọ, ara nìkan kọ́ ló ń ro ó.

Ṣé o mọ̀ pé àgọ́ pípa fún ọmọdé kì í ṣe nǹkan àjèjì níbí? Boys’ Brigade ti wà ní Nàìjíríà láti 1908, àwọn Scout láti 1915.

Ṣé o mọ̀ pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ayé ti ń pàgọ́ fún ọmọ aláìsàn? Ọdún 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ fún alátọ̀gbẹ ní abẹ́rẹ́ insulin, ní Toronto, ọmọ ọdún 14 kan ni. Nígbà tó fi máa di 1925, Dókítà Leonard Wendt ti kó àwọn ọmọ alátọ̀gbẹ jọ sí àgọ́ ní ìpínlẹ̀ Michigan. Títí dòní, irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń fi ọwọ́ ara wọn gún abẹ́rẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, nítorí pé wọ́n rí ẹlẹgbẹ́ wọn tó ń ṣe é láìsunkún.

Ṣé o mọ̀ pé òṣèré fíìmù ló dá ọ̀kan lára irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ tó lókìkí jù sílẹ̀? Paul Newman ni, ní 1988, ní Ashford ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ọmọ tó ní jẹjẹrẹ àti ọmọ SS wà lára àwọn tó ń lọ síbẹ̀, òbí kì í sì í san kọ́bọ̀. Ó dá òmíràn sílẹ̀ ní Ireland ní 1994.

Ṣé o mọ ìdí tí ọmọ SS fi ń bẹ̀rù àtisùn nílé onílé? Èyí ni wọn kì í sọ jáde. Àìsàn yìí kì í jẹ́ kí kíndìnrín lè dá omi dúró bó ṣe yẹ, dókítà sì ti ní kí ọmọ máa mu omi dáadáa. Nítorí náà ó lè máa tọ̀ sílé lóru, títí kọjá ìgbà tí àwọn ojúgbà rẹ̀ ti ṣíwọ́. Ẹyinjú rẹ̀ ń pọ́n. Kò tètè ga: ó pé ọdún 15, ó dà bí ọmọ 11. Ní kíláàsì, òun nìkan ló rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti fún un lórúkọ. Ní àgọ́, gbogbo wọn ló ń gbé ìgò omi kiri, gbogbo wọn ló ń dìde lóru, kò sí ẹni tó ń bi ẹnikẹ́ni léèrè. Kò sí oògùn kankan ní kílíníìkì tó lè ṣe ìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan lára àwọn tó ti lọ sí àgọ́ rí máa ń padà wá ṣe alábòójútó? Fún ọmọ tiwa, mo ka èyí sí èrè tó tóbi jù. Ilẹ̀ yìí kan náà ló ń sọ ọmọ ní Málọmọ́ àti Kòsọ́kọ́, ọ̀pọ̀ oníṣègùn sì gbà pé SS ni púpọ̀ nínú àwọn tí a pè ní àbíkú. Ọmọ tó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn aládùúgbò pé òun kò ní dàgbà wá rí àgbà SS, oníṣẹ́, ọlọ́mọ, tó ń kọ́ ọ ní ijó.

Ṣé o mọ̀ pé ìsinmi gígùn tiwa bọ́ sí àkókò òjò? A ò kàn lè gbé ti òyìnbó wá. Ṣúwẹ́tà gbọ́dọ̀ wà, àti àpò ẹ̀fọn, folic acid àti Paludrine, oògùn tó ń dènà ibà, lásìkò. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, wọ́n máa ń mú omi ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọmọ SS.

Ṣé o mọ̀ pé Áfíríkà ti ń ṣe é? Ní Lesotho, Sentebale, tí Prince Harry àti Prince Seeiso dá sílẹ̀ ní 2006, ṣí Mamohato Children’s Centre ní 2015. Àwọn ọ̀dọ́ tó ní kòkòrò HIV ti lo ọ̀sẹ̀ kan ní àgọ́ níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé orí òkè Mọ́kọ́lá ni Cultural Centre tí Demas Nwoko yàwòrán rẹ̀ wà, tí Agodi Gardens kò sì jìnnà? Àwa náà lè pàgọ́ níbí: gbọ̀ngàn wà, igi wà, dókítà kò jìnnà. Ẹ̀yin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin mọ́sáláṣí, ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ fi ọjọ́ kan péré bẹ̀rẹ̀: aago mẹ́sàn-án sí mẹ́rin, nọ́ọ̀sì méjì, omi, oúnjẹ gbígbóná, ọkọ̀ kan tó dúró de pàjáwìrì. Ẹ̀yin òbí, tí ẹ bá dé kílíníìkì lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì èwo nínú eré ni ọmọ yín lè ṣe.