Ìwọ̀ Kì í Pa Ẹja Odò Tán

Iṣẹ́ omi ni iṣẹ́ àwọn ará Ìlàjẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá, bí ó ti ń pe orúkọ Màhíntẹ̀dó, ni ó ti ń gbọ́ ọ nínú orúkọ náà pé àwọn ènìyàn Màhín tẹ̀dó síbẹ̀, ní àárín omi àti ẹrẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ti di ẹsẹ̀ fún ọmọ ènìyàn. Bí a bá dárúkọ apẹja ní ilẹ̀ náà, òkun ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ, àti ọkọ̀ ńlá, àti àwọ̀n gígùn. Ṣùgbọ́n apẹja mìíràn wà tí a kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun ni ẹni tí ó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó ń fi àjẹ̀ kan ṣoṣo tu ọkọ̀ kékeré wọ inú àwọn odò tóóró tí igi ògùrọ̀ ṣíji bò, pẹ̀lú ọ̀pá, okùn àti ìwọ̀. Kì í pariwo, kì í sì í kánjú. Ọgbọ́n kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń jẹ ẹja, àti gbogbo ẹni tí ń mu omi odò, kọ́.

ÌWỌ̀ NÍ AYÉ ÀTIJỌ́

Ìwọ̀ kì í ṣe ohun titun. Àwọn tí ń ka Ìhìn Rere Matteu orí 17 yóò rántí pé nígbà tí a béèrè owó orí tẹ́ḿpìlì, ìwọ̀ ni a rán Peteru láti lọ jù sínú òkun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀n ni ó fi ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ẹja àkọ́kọ́ tí ó bá gòkè wá ni a ní kí ó mú. Ẹyọ kan tó.

Ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Róòmù, tí a ń pè ní Aelian, kọ ìwé lórí ìwà àwọn ẹranko. Ó ròyìn níbẹ̀ pé àwọn ará Makedonia ní ẹja alámì tótòtó kan nínú odò wọn, tí ó fẹ́ràn láti máa jẹ eṣinṣin kan tí ń fò lójú omi. Eṣinṣin náà lẹgẹ́ púpọ̀. Bí ọwọ́ ènìyàn bá ti kàn án, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, ẹja kò sì ní jẹ ẹ́ mọ́. Kí ni àwọn apẹja náà ṣe? Wọ́n wé òwú pupa mọ́ ìwọ̀, wọ́n so ìyẹ́ àkùkọ méjì mọ́ ọn, wọ́n sì rọra jù ú sójú omi. Ẹja rò pé oúnjẹ òun ni ó dé, ó gbé e mì, ó sì di ti apẹja.

Ọgbọ́n eṣinṣin èké yìí ni àwọn Òyìnbó mú dàgbà. Ní ọdún 1496 ni a tẹ ìwé kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ni bí a ti ń fi ìwọ̀ pa ẹja, àti ní 1653 ni Izaak Walton tẹ ìwé tirẹ̀ tí a ṣì ń kà títí di òní. Ẹja tí wọ́n ń lépa jù nínú àwọn odò kéékèèké ni èyí tí wọ́n ń pè ní trout. Ọ̀pá wọn gùn, ó sì ń tẹ̀ bí imọ̀ ọ̀pẹ nínú afẹ́fẹ́. Wọn kì í so òjé mọ́ okùn. Okùn fúnra rẹ̀ ni ó wúwo díẹ̀, òun ni ó sì ń gbé eṣinṣin èké tí kò tó ìwọ̀n ìyẹ́ ológoṣẹ́ lọ sí ibi tí a fẹ́. Trout a máa dúró sójú kan, a kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí oúnjẹ lè máa bá a níbẹ̀. Nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ ni apẹja ń gbà, láti ìsàlẹ̀ odò. A sì máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí òjìji rẹ̀ má baà bọ́ sórí omi.

ÈÉ ṢE TÍ TROUT KÒ FI SÍ NÍ ÌLÀJẸ?

Ọmọ ilé-ìwé lè béèrè bẹ́ẹ̀, ìbéèrè náà kò sì burú. Omi tútù ni trout ń gbé. Bí omi bá ti gbóná ju ìwọ̀n 20 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ara a bẹ̀rẹ̀ sí í ni ín. Bí ó bá sì tó bí 25, ikú ń súnmọ́ ọn. Omi ilẹ̀ Ìlàjẹ kì í sábà tutù ju 25 lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí: omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ mọ́ra tó omi tútù, ẹja náà gbọ́dọ̀ rí afẹ́fẹ́ púpọ̀ nínú omi kí ó tó lè yè. Ní ọdún 1905, Ewart Grogan mú trout láti Scotland wá sí odò Gura ní ilẹ̀ Kenya, ó sì yè níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ náà wà ní àárín gbùngbùn ayé níbi tí oòrùn ti ń mú. Orí òkè gíga ni odò Gura ti ń ṣàn wá, omi orí òkè sì tutù nini. Ìlàjẹ kò ga ju òkun lọ ju ẹsẹ̀ díẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá kò fi odò wọ̀nyí sílẹ̀ lófìfo. Ẹ wo àrọ̀. Ẹ̀yà ara kan wà nínú orí rẹ̀ tí ó fi lè mí afẹ́fẹ́ òkè bí ènìyàn. Ìdí nìyí tí ó fi ń yè nínú ẹrẹ̀ níbi tí ẹja mìíràn yóò ti kú. Ẹ sì wo ẹpìyà alágbọ̀n dúdú tí ń gbé àwọn ọ̀sà láti Senegal títí dé Cameroon. Nígbà tí abo bá yé ẹyin, akọ ni yóò kó wọn sí ẹnu, yóò sì gbé wọn kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí àwọn ọmọ yóò fi lè wẹ̀ fúnra wọn. Bí a bá pa irú bàbá bẹ́ẹ̀, a kò pa ẹja kan. A pa agboolé.

ỌGBỌ́N APẸJA ÌWỌ̀

Bí omi Màhíntẹ̀dó ti yàtọ̀ sí omi Makedonia tó, ọ̀kan náà ni ọgbọ́n méjèèjì. Ẹni tí yóò fi ìwọ̀ mú ẹja gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹja. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń jẹ, àkókò tí ó ń jẹ ẹ́, àti ibi tí ó ń sá sí bí oòrùn bá mú. Fún àrọ̀, ekòló dára, òru sì ni àrọ̀ ń jáde wá oúnjẹ jù, nítorí irun ẹnu rẹ̀ ni ó fi ń tọ́ ọ̀nà nínú òkùnkùn. Àwọn apẹja adágún Kainji tilẹ̀ ń gé ọṣẹ wẹ́wẹ́ sẹ́nu ìwọ̀, ẹja sì ń gbé e. Ọṣẹ kì í ṣe oúnjẹ, gẹ́gẹ́ bí ìyẹ́ àkùkọ kò ti jẹ́ eṣinṣin. Ìmọ̀ ìwà ẹja ni ó wà nídìí méjèèjì.

Èrè kejì tí ó wà nínú ìwọ̀ ni pé ó ń fún ènìyàn ní àyè láti yàn. Ìwọ̀ ńlá kì í wọ ẹnu ẹja kékeré. Èyí tí kò tíì tó pípa, a lè yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí a sì dá a padà láàyè. Ọmọ tí ó bá bá bàbá rẹ̀ àgbà wọ ọkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ a máa ṣe kàyéfì sí èyí, a sì béèrè pé, “Bàbá, èé ṣe tí ẹ fi sọ ọ́ nù?” Bàbá a sì dáhùn pé, “Ọmọ mi, n kò sọ ọ́ nù. Mo fi í pamọ́ fún ọ ni.”

MÁJÈLÉ NÍNÚ ODÒ

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò gba ìmọ̀ kankan, òun ni ó sì ń ba odò jẹ́. Láti bí ọdún 1950 síwájú ni àwọn àgbẹ̀ kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn kan tí ń jẹ́ Gammalin 20 láti pa kòkòrò ara igi kòkó. Oògùn oko ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan rí i pé bí a bá da díẹ̀ sínú odò, ẹja yóò léfòó lọ súà, a ó sì máa fi agbọ̀n kó wọn. Lójú ẹni tí kò ronú jinlẹ̀, èrè ńlá ni. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ti ju iṣẹ́ oṣù kan ti apẹja ìwọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ dáadáa. Májèlé kì í yàn. Ó pa àrọ̀ ńlá, ó pa ọmọ rẹ̀, ó pa ẹpìyà pẹ̀lú ẹyin tí ó wà lẹ́nu rẹ̀, ó pa edé, ó sì pa àwọn kòkòrò omi tí ẹja ìbá jẹ lọ́la. Ẹni tí ó kó agbọ̀n mẹ́wàá lónìí yóò padà dé odò náà ní oṣù tí ń bọ̀, yóò sì bá omi lásán.

Ara ènìyàn pẹ̀lú wà nínú ìṣírò náà. Lindane ni orúkọ ohun tí ó wà nínú Gammalin 20. Iṣan àti ọpọlọ ni ó ń bá jà. Ó lè mú èébì, orí fífọ́ àti gìrì wá. A máa sápamọ́ sínú ọ̀rá ẹja àti ọ̀rá ènìyàn, dídín tàbí yíyan kò sì lè lé e jáde. Ní ọdún 2009 ni àdéhùn gbogbo orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Àdéhùn Stockholm kọ̀ ọ́ sílẹ̀ fún lílò nínú oko, àti ní 2015 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Oògùn kòkòrò mìíràn ti gba ipò rẹ̀ lórí igbá, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a ṣe fún odò. Òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1992 lórí ẹja inú odò àti ọ̀sà sì ti ka pípa ẹja pẹ̀lú májèlé tàbí ohun abúgbàù léèwọ̀.

Odò ilẹ̀ Ìlàjẹ ti ní ọ̀tá tó tẹ́lẹ̀. Òkun ń jẹ etí ilẹ̀, ó sì ti gbé ilé púpọ̀ lọ ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní 1947. Ní apá Awóyè, ipa omi tí a gbẹ́ já sí òkun fún iṣẹ́ epo ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980 ti jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú irà omi dídùn, igi kú, ẹja omi dídùn sì sá lọ. Láti ọdún 1984 ni koríko ojú omi tí ó gba ọ̀nà Badagry wọlé ti ń dí ọ̀nà ọkọ̀ nínú àwọn ọ̀sà wa. Nínú nǹkan wọ̀nyí, agbára mẹ̀kúnnù kò ká púpọ̀. Ti májèlé nìkan ni ó wà lọ́wọ́ wa pátápátá, láti dá a dúró lónìí.

ÌMỌ̀RÀN FÚN APẸJA ÀTI FÚN ẸNI TÍ Ń RA ẸJA

1. Ẹ lo ìwọ̀ tí ó tóbi tó, kí ọmọ ẹja lè bọ́. Bí ẹyin tàbí ọmọ wẹ́wẹ́ bá ń jáde lẹ́nu ẹpìyà, ẹ tètè dá a padà sómi.

2. Ẹ fi omi rin ọwọ́ kí ẹ tó di ẹja tí ẹ fẹ́ dá padà mú. Ọwọ́ gbígbẹ a máa bó yọ̀ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, àrùn a sì wọ̀ ọ́.

3. Ẹ má ṣe ra ẹja tí a kò mọ bí a ti pa á, pàápàá bí a bá rí àgbà àti ọmọ ẹja oríṣiríṣi tí wọ́n kú papọ̀ láìní ojú ọgbẹ́.

4. Ẹ má ṣe fọ ìgò tàbí garawa oògùn oko nínú odò, ẹ má sì fi rọ omi mímu.

5. Bí ẹnìkan bá jẹ májèlé, tí èébì tàbí gìrì mú un, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa tàbí wàrà mu. Ọ̀rá ń ran májèlé náà lọ́wọ́ láti wọ ara. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání.

6. Bí ìwọ̀ bá wọ ẹran ara jinlẹ̀, ẹ má ṣe fi agbára fà á yọ. Ẹ gé okùn, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú rẹ̀, kí ẹ sì lọ bá nọ́ọ̀sì, kí ó yọ ọ́, kí ó sì fún yín ní abẹ́rẹ́ ìdènà àrùn ipá. Bákan náà ni kí ẹ ṣe bí ẹ̀gún ọ̀bọ̀kún tàbí ti àrọ̀ bá gún yín jinlẹ̀.

Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Apẹja ìwọ̀ lè padà wálé pẹ̀lú ẹja mẹ́ta péré nínú agbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, odò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹja sì ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá sì gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò bá ohun tí yóò pa.