Ẹ wọn ògiri dáadáa kí ẹ tó ra wọ́ọ̀lùpépà

Ojú ni oníbàárà kọ́kọ́ fi ń ra ọjà. Ìdí nìyí tí onídìrí, aṣọ títà àti olóúnjẹ fi ń lẹ wọ́ọ̀lùpépà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rà jù, owó yín há sílẹ̀. Bí ó bá sì dín, ẹ lè padà sọ́jà kí ẹ má rí irú rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, tí ògiri rẹ̀ ga ní mítà 2.7. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ jẹ́ mítà 14. Róòlù kékeré tó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní mítà 0.53, ó sì gùn ní mítà 10.05. Ẹni tó bá kàn ṣírò ìbú àti òró ògiri yóò ní róòlù 8 ti tó. Kò tó o.

Abala abala ni wọ́n ń gé e láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 10 kún gíga ògiri fún gígé etí, ó di mítà 2.8. Abala 3 péré ni yóò jáde lára róòlù kan; mítà 1.65 tó ṣẹ́kù kò lè dé ilẹ̀. Ẹ fi 0.53 pín 14, abala 27 ni. Ẹ fi 3 pín 27, róòlù 9 ni ẹ máa rà. Bí ẹ bá tilẹ̀ yọ ẹnu ọ̀nà kan kúrò, 9 náà ni.

Róòlù ńlá wà tó fẹ̀ ní mítà 1.06, tó gùn ní mítà 15.6. Mẹ́ta ló máa gbà. Ẹ fi owó mẹ́ta yìí wé ti mẹ́sàn-án kí ẹ tó yàn.

Bí òdòdó bá wà lára rẹ̀, ẹ wo iye sẹ̀ǹtímítà tí wọ́n kọ sára róòlù pé òdòdó náà fi ń padà wá. Bí ó bá jẹ́ 64, tí ògiri ga ní mítà 3.2, abala kan yóò gba mítà 3.84 kí òdòdó tó bára mu. Abala 2 ni róòlù kékeré máa fún yín, kì í ṣe 3.

Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sára wọn jẹ́ ọ̀kan, torí àwọ̀ èyí tí wọ́n ṣe lọ́tọ̀ lè yàtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá èèyàn lẹ̀ ẹ́, ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó dá iye fún oníbàárà. Bí róòlù bá dín, inú owó iṣẹ́ yín ni yóò ti jáde.