Badmos: Ìdáhùn sí ìbéèrè márùn-ún nípa orúkọ Yorùbá tó wà lára àwo orin Abidjan

Ọkọ̀ tó bá gbéra láti Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó gba Cotonou, Lomé àti Accra kọjá, ọ̀nà Grand-Bassam ló máa ń gbà wọ Abidjan. Port-Bouët ni èrò ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ bá, pẹ̀lú òkun lápá òsì.

Ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Anago níbẹ̀, ti ń rin ọ̀nà yìí. Òwò ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ Yorùbá kan tún wà lára àwo tó yí orin Côte d'Ivoire padà.

Ta ni Badmos?

Raïmi Gbadamassi ni orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ Gbàdàmọ́sí ní ìlú elédè Faransé nìyẹn. Àwọn tó ń jẹ́ Badmus ní Nàìjíríà náà yóò dá ìnagijẹ rẹ̀ mọ̀.

Iṣẹ́ kí wọ́n máa gbé àwo orin jáde ló ń ṣe ní Abidjan, Badmos ló sì pe orúkọ tó ń lẹ̀ mọ́ àwọn àwo náà.

Àwo wo ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká?

Ziboté ni, èyí tí Ernesto Djédjé kọ, tó jáde lọ́dún 1977.

Lásìkò náà, orin Congo ló gbòde ní àwọn ilé ijó Abidjan. Djédjé, ọmọ Bété láti agbègbè Daloa, mú ijó ìbílẹ̀ wọn, ó fi gìtá àti fèrè ìgbàlódé sí i, ó sì pè é ní ziglibithy. Ó kú ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹfà, ọdún 1983, ṣùgbọ́n wọn kò tíì gbàgbé rẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni pé Èkó ni wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ní stúdíò EMI. Ní ọdún 1973, stúdíò EMI ní Apapa yìí kan náà ni Paul McCartney ti ṣiṣẹ́ lórí Band on the Run.

Nítorí náà, olórin Bété, oníṣòwò tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá àti stúdíò Èkó ló pawọ́ pọ̀ bí Ziboté.

Báwo ni èèyàn ṣe lè dá àwo àtijọ́ mọ̀?

Wo nọ́ńbà tó wà lára bébà àárín àwo, kí o sì fi wé èyí tí wọ́n fín sí ara àwo náà níbi tí orin parí sí. Ó yẹ kí méjèèjì bára mu.

Bí o bá rí àmì ìlà dúdú tí ẹ̀rọ ń kà ní ilé ìtajà lẹ́yìn páálí rẹ̀, àtúntẹ̀ ni. Àmì náà kò tíì dé ara àwo orin lọ́dún 1977.

Àwo bàbá mi wà nílé. Kí ni kí n ṣe sí i?

Gbé e dúró bí ìwé lórí pẹpẹ, má tò ó lé ara wọn. Má jẹ́ kí oòrùn pa á. Ní àdúgbò bíi Port-Bouët, tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà, ọ̀rinrin tètè máa ń ba páálí jẹ́. Má sì ju páálí náà nù, torí ibẹ̀ ni orúkọ àwọn tó lùlù, tó ta gìtá àti ẹni tó náwó wà.

Ìwọ lo ni àwo, ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo ni orin. Kí o tó tún un tẹ̀ tàbí gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ BURIDA, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn olórin ní Côte d'Ivoire láti ọdún 1981, ni kí o kọ́kọ́ béèrè.

Ìpamọ́ yìí kì í ṣe asán. Ní Benin, Albarika Store tí Adissa Seidou dá sílẹ̀ ló gbé ọ̀pọ̀ orin Poly-Rythmo jáde. Àwọn tó ń wá àwo àtijọ́ kiri ló mú kí wọ́n tún orin ẹgbẹ́ náà tẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 2008. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn àgbà olórin náà ti ń ṣeré kiri ilẹ̀ Yúróòpù.

Ká ní gbogbo ilé ló ti da àwo tiwọn sórí ààtàn, kò sí ohun tí wọn ìbá tún tẹ̀.