Kí ikú ilé má pa D'Tigress: Ohun tó wà lọ́kàn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kí Berlin tó dé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òwe yìí gan-an ló bá ohun tó wà lọ́kàn àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ mu ní Raji Rasaki Estate, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ìpínlẹ̀ Èkó, bí wọ́n ṣe ń retí ìgbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin ilẹ̀ Nàìjíríà, D'Tigress, yóò lọ kópa nínú ìdíje àgbáyé ní ìlú Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ọjọ́ kẹrin sí ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2026 ni wọ́n fi ìdíje náà sí. Bí ẹ bá bi olólùfẹ́ ẹgbẹ́ yìí pé kí ló ń bà á lẹ́rù, kì í ṣe Amẹ́ríkà ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Ọsirélíà tàbí Faransé. Àbújá ni yóò dárúkọ.

Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí àwàdà létí ẹni tí kò mọ ìtàn ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò gbà pé kì í ṣe àwàdà rárá.

Raji Rasaki Estate, tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀gágun Raji Rasaki tó di gómìnà ológun ìpínlẹ̀ Èkó ní 1988 pè, kò jìnnà sí Festac, ìlú tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ fún àwọn àlejò tó wá síbi àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní 1977. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ló gbajúmọ̀ jù lágbègbè náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe gbajúmọ̀ káàkiri ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, náà ní àwọn tirẹ̀, tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré.

Fún àwọn bàbá àti ìyá wa tí wọn kò tíì wo eré yìí rí, ènìyàn márùn-ún ló máa ń wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n sì fi ń gbá a. Ọwọ́ ni wọ́n ń lò. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e mọ́ra kí ó máa sáré lọ, ó gbọ́dọ̀ máa là á mọ́lẹ̀ bó ṣe ń rìn. Òrùka irin tó ní àwọ̀n, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ni wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí. Bó bá wọlé, àmì méjì ni. Bí wọ́n bá jù ú láti ọ̀nà jíjìn, àmì mẹ́ta ni. Nígbà tí olùkọ́ kan, James Naismith, dá eré náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1891, apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó èso ni ó kàn mọ́ òkè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ títí dòní.

Ohun tó ń fúnni nírètí

Ní ti orí pápá, olólùfẹ́ D'Tigress kò ní ìdí láti máa gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀meje ni Nàìjíríà ti gba ife àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n gba ti àkọ́kọ́ ní Maputo ní 2003, wọ́n sì gba èkejì ní Àbújá ní 2005. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún méjìlá gbáko ni ife náà fi ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, kó tó di pé wọ́n gbà á padà ní Bamako ní 2017. Láti ìgbà náà, wọn kò jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ wọn mọ́: Dakar ní 2019, Yaoundé ní 2021, Kigali ní 2023, àti Abidjan ní 2025. Ní Abidjan, lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹjọ, Màlì ni wọ́n nà ní 78 sí 64 nínú àṣekágbá. Ife yẹn ló ṣí ilẹ̀kùn Berlin fún wọn.

Kì í sì í ṣe Áfíríkà nìkan ni wọ́n ti fakọ yọ. Níbi ìdíje àgbáyé ti 2018 ní Tenerife, lórílẹ̀-èdè Spain, àwọn ni ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó wọ ipele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn. Níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ti Paris ní 2024, wọ́n na Ọsirélíà ní 75 sí 62, wọ́n na Kánádà ní 79 sí 70, wọ́n sì wọ ipele ẹgbẹ́ mẹ́jọ níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ láti Áfíríkà, ìbáà ṣe ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, tó dé ibẹ̀ rí ní Òlíḿpíìkì. Àjọ àgbáyé, FIBA, sì fi akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Rena Wakama, ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dára jù lọ nínú ìdíje àwọn obìnrin níbẹ̀.

Amẹ́ríkà ló ń dá wọn dúró. Ní 2018, 71 sí 40 ni wọ́n fi na D'Tigress. Ní Tokyo ní 2021, ó di 81 sí 72. Ní Paris, 88 sí 74 ni. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yóò rí i pé àlàfo tó tó àmì mọ́kànlélọ́gbọ̀n nígbà kan kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, olólùfẹ́ tó gbọ́n kò ní fi ọwọ́ sọ̀yà pé Nàìjíríà yóò na Amẹ́ríkà ní Berlin. Ohun tó ń fẹ́ ni pé kí wọ́n tún wọ ipele ẹgbẹ́ mẹ́jọ, kí wọ́n sì gba ibẹ̀ kọjá, nítorí pé kò tíì sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan tó gba àmì ẹ̀yẹ, ìbáà ṣe wúrà, fàdákà tàbí idẹ, nínú ìdíje àgbáyé àwọn obìnrin yìí. Ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún ni yóò kópa ní Berlin, wọ́n pọ̀ ju méjìlá tó wà ní Sydney ní 2022 lọ.

Ọgbẹ́ Sydney

Orúkọ Sydney yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí inú olólùfẹ́ dùn tán. Ní oṣù kejì ọdún 2022, D'Tigress lọ sí Belgrade, wọ́n na Màlì níbẹ̀, wọ́n sì gba àyè láti lọ sí ìdíje àgbáyé. Ṣùgbọ́n nílé, àwọn tó ń darí eré náà ti pín sí méjì. Àwọn kan dìbò ní Benin, àwọn mìíràn dìbò ní Àbújá, oníkálukú sì ní òun ni aláṣẹ. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí Nàìjíríà yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú gbogbo ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àgbáyé fún ọdún méjì, kí wọ́n lè tún ilé ṣe.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, ìjọba yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. FIBA ti mú Nàìjíríà kúrò, wọ́n sì ti fi Màlì rọ́pò, Màlì tí àwọn ọmọ wa nà ní Belgrade. Màlì lọ sí Sydney, kò sì borí nínú eré kankan níbẹ̀. Àwọn obìnrin wa jókòó sílé. Wọn kò jẹ̀bi ohunkóhun, kò sì sí ẹni tó nà wọ́n lórí pápá.

Nǹkan mìíràn tún wà pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí wọ́n gba ife ní Yaoundé ní 2021, àwọn agbábọ́ọ̀lù náà figbe ta ní gbangba lórí owó àjẹmọ́nú tí wọn kò rí gbà. Ní Paris, lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 2024, ìròyìn gbòde pé wọn kò jẹ́ kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi tó gbé ikọ̀ Nàìjíríà níbi ayẹyẹ ìṣíde, wọ́n ní ọkọ̀ ti kún. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n na Ọsirélíà.

Òótọ́ ni pé nǹkan yí padà ní 2025. Nígbà tí wọ́n ti Abidjan dé, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde dọ́là 100,000 fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ilé àti oyè OON. Kò sí ẹni tó bínú sí i. Ṣùgbọ́n Yorùbá náà ló sọ pé ọmọ tó bá dára, ti bàbá ni. Lẹ́yìn tí ife bá ti wọlé, gbogbo ènìyàn ni í di mọ̀lẹ́bí. Ohun tí olólùfẹ́ ń bèèrè ni pé ta ni bàbá wọn kí ife tó wọlé?

Àwọn ọmọ tó ti òkun bọ̀

Ìbéèrè náà lágbára ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ eré. Kò sí ẹni tó fipá mú wọn wọ aṣọ aláwọ̀ ewé àti funfun. Orúkọ bàbá wọn ló fà wọ́n wálé.

Àwọn òǹkàwé kan lè ti gbọ́ nípa Giannis Antetokounmpo, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba ife NBA pẹ̀lú Milwaukee Bucks ní 2021. Ẹni tó bá yẹ orúkọ náà wò dáadáa yóò rí i pé Adétòkunbọ̀ ni, ọ̀nà tí àwọn ará Greece gbà kọ ọ́ ló sọ ọ́ di àjèjì. Àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ, Greece ni wọ́n bí i sí, Greece náà ló sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Ṣáájú rẹ̀, Hakeem Olajuwon, tí wọ́n bí sí Èkó ní 1963, gba ife kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ní 1994 àti 1995, pẹ̀lú Houston Rockets, òun náà sì gbá bọ́ọ̀lù fún Amẹ́ríkà ní Òlíḿpíìkì 1996. Ilẹ̀ mìíràn ló jẹ èrè àwọn méjèèjì lórí pápá. Àwọn obìnrin D'Tigress ni wọ́n yí orí padà sílé. Bí ilé bá ń lé wọn, ọjọ́ wo ni wọn yóò tún padà wá?

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ẹ̀dùn ọkàn kan tún wà tó jẹ́ ti olólùfẹ́ nìkan. Nínú ife méje tí ẹgbẹ́ yìí ti gbà, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbà lórí ilẹ̀ Nàìjíríà, ìyẹn ti 2005. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin lọ́dún náà ti lé lógún ọdún báyìí, kò sì tíì fojú ara rẹ̀ rí wọn kí wọ́n gbé ife sókè nílé. Orí tẹlifíṣàn ló ti mọ̀ wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni Èkó kì í ṣe àjèjì sí eré yìí. Gbọ̀ngàn ìṣeré tó wà ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè àti Rowe Park ní Yábàá ti tọ́ agbábọ́ọ̀lù púpọ̀. Ẹgbẹ́ obìnrin First Bank ti Èkó ti gba ife àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà rí. Láti ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Marina, nítorí náà ọ̀nà ìrìn kò le tó bó ṣe le tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbá líìgì nílé lásìkò tó yẹ, tí wọ́n sì pariwo rẹ̀ kí aráyé gbọ́, àwọn ọmọdé Raji Rasaki yóò rí ibi tí wọn yóò ti máa kọ́ eré kí wọ́n tó di ẹni tí Amẹ́ríkà ń wá.

Ní báyìí, nǹkan mẹ́ta ni olólùfẹ́ ń fẹ́ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Èkíní, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù pé jọ síbi ìgbaradì lásìkò, kí wọ́n má sáré wọ Berlin bí ẹni tó pẹ́ dé ibi ìgbéyàwó. Èkejì, kí owó tó tọ́ sí wọn ti wà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó wọ bàálù. Ẹ̀kẹta, kí àwọn aláṣẹ má ṣe ta ara wọn nípàá títí tí àwọn ọmọ yóò fi padà dé. Kò sí èyí tó nílò àmì mẹ́ta láti ọ̀nà jíjìn nínú wọn.

Ní ti wíwò rẹ̀, ìrọ̀rùn wà. Wákàtí kan péré ni aago Berlin fi ṣáájú ti Èkó lóṣù kẹsàn-án, nítorí náà kò sí pé à ń jí lóru wo bọ́ọ̀lù bíi ti ìlú òkèèrè. Iná mànàmáná nìkan ló kù tí olólùfẹ́ ń bẹ̀, ìyẹn náà sì wà lára ikú ilé.